Àyè Wà, Àmọ́ Backup Ò Lọ: Ibo Ni Páìpù Ti Dí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ètò yìí dípò kẹ́ ẹ gbọ́ ọ nítorí dátà, mo mọ̀ yín o. Nítorí yín la ṣe ń kọ ọ́ jáde.

Olùgbọ́ wa kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láìpẹ́ yìí. Aṣọ ló ń rán, Ìbàdàn ló ń gbé. Wọ́n já fóònù rẹ̀ gbà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ra òmíràn, ó lọ ṣe welcome back síìmù rẹ̀, ó wọ WhatsApp, ó tẹ Restore. Ohun tó padà wá fún un dúró síbi oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀, orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó, àdírẹ́sì àwọn tó ti sanwó tí wọ́n ń retí aṣọ, àti àwọn ohùn tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i kí wọ́n tó kú, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú oṣù mẹ́jọ tí kò padà wá yẹn. Ó wá bi mí pé, "Àǹtí, mo wo àkáǹtì mi, àyè tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ lé ní GB mẹ́sàn-án. Mo tan backup sílẹ̀. Kí ló dé tí kò gbé e lọ?"

Ìbéèrè yẹn la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí. Òun nìkan kọ́ ló ń bi í. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tí backup rẹ̀ ò lọ, ọ̀rọ̀ àyè ló máa kọ́kọ́ sọ. Bí fóònù bá sì ti ní àyè ò sí, gbogbo wa mọ ohun tó kàn: ẹ pa nǹkan rẹ́, tàbí kẹ́ ẹ sanwó. Àmọ́ bí àyè bá wà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń gbé fóònù sílẹ̀ tí wọ́n á ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò ó bí omi ẹ̀rọ àti dúrọ́ọ̀mù. Àyè inú cloud, dúrọ́ọ̀mù ni. Dúrọ́ọ̀mù yín lè tóbi tó ilé alájà méjì, bí omi ò bá sí lẹ́nu ẹ̀rọ, bí páìpù bá dí, tàbí bó bá jẹ́ pé dúrọ́ọ̀mù aládùúgbò ni páìpù yín ń da omi sí, tiyín á ṣófo títí. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Cloud ò sí lójú ọ̀run. Kọ̀ǹpútà ńláńlá ni, tí ilé iṣẹ́ kan kó jọ sínú ilé tútù kan níbì kan. Iṣẹ́ backup kò ju pé kí fóònù yín ṣe ẹ̀dà nǹkan yín, kó sì gbé e gba orí íntánẹ́ẹ̀tì débẹ̀. Gbogbo ibi tí ọ̀nà yẹn ti lè bà jẹ́ la máa tọ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látara ohun tí mo bi aránṣọ yẹn. Mi ò bi í nípa àyè rárá. Mo ní, "Ẹ wo ọjọ́ tí backup yẹn lọ kẹ́yìn. Kí ló yí padà láyé yín lọ́sẹ̀ yẹn?" Ó ronú díẹ̀. Ó ní ìgbà yẹn ni òun kó kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù tí òun àti àwọn ayafọ́tò kan jọ gbà. Mo ní, "Ṣé àwọn ayafọ́tò yẹn ní Wi-Fi?" Ó pariwo. Wọ́n ní in. Láti ọjọ́ tó ti kúrò níbẹ̀, dátà orí síìmù nìkan ló ń lò, bẹ́ẹ̀ ètò backup inú WhatsApp rẹ̀ sọ pé Wi-Fi nìkan ni kó máa lò. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni fóònù yẹn fi ń dúró de Wi-Fi tí kò wá. Kò ṣàìsàn, kò bà jẹ́. Àṣẹ tí wọ́n fún un ló ń tẹ̀ lé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ọjọ́ yẹn. Lórí Android, ẹ ṣí WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Chats, lẹ́yìn náà Chat backup. Ọjọ́ àti wákàtí tó lọ kẹ́yìn wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ti dúró láti oṣù kan, ẹ rántí oṣù yẹn: ṣé ìgbà yẹn lẹ pààrọ̀ fóònù ni? Ṣé ẹ kó ilé ni? Ṣé ẹ pààrọ̀ password ímeèlì yín? Ṣé ẹ gbé áàpù kan tó ń tọ́jú bátìrì wọlé? Ọjọ́ yẹn máa ń sọ òótọ́ ju àlàyé tó ń jáde lójú fóònù lọ.

Ó dáa. Páìpù àkọ́kọ́, Wi-Fi, òun náà ló sì máa pẹ́ jù lẹ́nu wa, torí àwọn tó ṣe fóònù àti áàpù wọ̀nyí, ó jọ pé ilé tí Wi-Fi wà ní gbogbo yàrá, tí iná kì í lọ, ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹ gbọ́ ohun tí iPhone ń béèrè kó tó lè ṣe backup fúnra rẹ̀: kó wà lẹ́nu iná, kó wà lórí Wi-Fi, kí ojú rẹ̀ sì wà ní títì. Android náà sún mọ́ ọn: kó wà lẹ́nu iná, kó wà lórí Wi-Fi, kó má sì sí ẹni tó ń lò ó lọ́wọ́. Ẹ wá wo ìgbésí ayé tiwa. Nígbà tí iná bá dé, ṣé a máa ń fi fóònù sílẹ̀ kó sinmi? Ẹnu ṣájà yẹn gan-an la ti máa ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a bá sì sùn, iná ti lọ. Nígbà tí Wi-Fi bá wà, ní ọ́fíìsì tàbí ní iléèwé, fóònù kì í sí lẹ́nu iná. Àwọn nǹkan mẹ́ta yẹn lè má pàdé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tí wọn ò bá pàdé, backup ò ní í lọ, fóònù ò sì ní í bú yín. Á kàn dákẹ́ ni.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn mi ni pé kí wọ́n má dúró de kó ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ mú alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Power bank náà jẹ́ ẹnu iná o, fóònù ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀ àti iná ìjọba. Ẹ so ó mọ́ power bank, ẹ tan Wi-Fi tàbí MiFi, ẹ wọ ibi backup, ẹ tẹ Back up now lórí iPhone tàbí Back up lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ lọ jẹun. Bó bá jẹ́ dátà síìmù nìkan lẹ ní, ibi Chat backup yẹn náà lẹ ti máa rí Back up using cellular. Ẹ tan án, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n backup yín. Bó bá jẹ́ 3 GB, 3 GB dátà ló máa jẹ. Àwọn tó ń ra dátà òru, iṣẹ́ ti yín rèé.

Ẹ̀tàn kan tún wà níbí tí ọ̀pọ̀ ò fura sí. Ẹ ò ní Wi-Fi, ẹ wá bẹ àbúrò yín kó tan hotspot fún yín. Àmì Wi-Fi yọ lókè fóònù, inú yín dùn. Ilẹ̀ mọ́, backup ò lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: bí fóònù Android bá so mọ́ hotspot fóònù Android mìíràn, ó máa ń mọ̀ pé dátà tí wọ́n fowó rà ni. Á kà á sí ohun tí wọ́n ń pè ní metered, bí iná tí mítà wà lára rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tó ń wá Wi-Fi ọ̀fẹ́ á wò ó, wọ́n á ní èyí kì í ṣe ọ̀fẹ́, wọ́n á padà jókòó. Bí ẹ bá ti pinnu pé ẹ fẹ́ ná dátà yẹn, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Wi-Fi, ẹ tẹ orúkọ hotspot náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Metered tàbí Network usage sí, kẹ́ ẹ yàn án pé kó kà á sí unmetered. Kẹ́ ẹ sọ fún àbúrò yín o, kí ìjà má wọ̀ ọ́. Lórí iPhone, ẹ wò ó bóyá Low Data Mode wà ní títàn lórí Wi-Fi náà. Bó bá wà ní títàn, ó máa ń dá backup dúró.

Kí n tó kúrò lórí páìpù, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ fún mi pé, "Mo tẹ̀ ẹ́, ó ń yí, ó ń yí, mo fi sílẹ̀." Iye ìgbà wo lẹ fi sílẹ̀? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa máa ń yára láti gba nǹkan wọlé ju kó fi nǹkan ránṣẹ́ lọ, backup sì rèé, fífi ránṣẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ká ní agbára ìfiránṣẹ́ yín jẹ́ 1 Mbps. Bíìtì lèyí, kì í ṣe báìtì, mẹ́jọ bíìtì ló ń ṣe báìtì kan. 3 GB jẹ́ nǹkan bí 24,000 mégábíìtì. Ìyẹn jẹ́ 24,000 ìṣẹ́jú-àáyá, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méje. Wákàtí méje, láìjá! Ẹni tó bá fún un ní ogún ìṣẹ́jú, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ìgbà àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Ẹ wá ọ̀nà kí ìgbà àkọ́kọ́ yẹn lọ níbi tí Wi-Fi ti dáa, kódà bó bá gba kẹ́ ẹ jókòó sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín mọ́jú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí dúrọ́ọ̀mù, torí àyè tí ẹ rí lè má jẹ́ àyè tí backup ń wá.

Ímeèlì mélòó lẹ ní? Èmi ní mẹ́rin. Ọ̀kan láti iléèwé, ọ̀kan tí mo fi ń wáṣẹ́, ọ̀kan fún ètò yìí, ọ̀kan tí mi ò fẹ́ sọ orúkọ rẹ̀ nítorí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo ṣí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn tún ní èyí tí ẹni tó ta fóònù fún wọn ní Computer Village ní Ìkẹjà ṣí fún wọn, tí wọn ò mọ password rẹ̀ títí dòní. Google fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá wá ń wo àkáǹtì kan tí àyè pọ̀ níbẹ̀, tí WhatsApp yín sì ń da tirẹ̀ sínú àkáǹtì mìíràn tó ti kún dẹ́nu, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa rí àyè tẹ́ ẹ tún máa rí ìkùnà. Ẹni tó ń sanwó fún 100 GB lóṣooṣù lórí àkáǹtì tí kò tọ́ náà wà. Ẹ wo orúkọ ímeèlì tó wà lábẹ́ Chat backup, ẹ wo èyí tó wà nínú Google Photos, ẹ tẹ àwòrán yín lókè lápá ọ̀tún kẹ́ ẹ lè rí i. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn, lẹ́tà sí lẹ́tà.

15 GB yẹn pàápàá, ilé àjọgbé ni. Gmail ń gbé níbẹ̀, Drive ń gbé níbẹ̀, Photos ń gbé níbẹ̀. Ìgbà kan wà tí Photos máa ń gba fótò tí wọ́n ti dín kù láìka iye rẹ̀, àmọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo tuntun. WhatsApp náà, láti ọdún 2018, backup rẹ̀ lórí Android kì í jẹ nínú àyè yín rárá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé ìyẹn ti fẹ́ dópin, nígbà tó sì fi máa di ọdún 2024, ó ti di kíkà mọ́ 15 GB. Bí ẹnì kan bá ní, "Láti ọdún tó ti pẹ́ ni mo ti ń ṣe é, kò dà mí láàmú rí," òótọ́ ló ń sọ. Òfin ló yí padà.

Ohun tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ kì í sì í kúrò lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń jókòó sínú Trash, ó sì ń jẹ àyè níbẹ̀. Ti Gmail àti Drive, ọgbọ̀n ọjọ́. Ti Photos, fótò tó ti wọ cloud, ọgọ́ta ọjọ́. Ẹni tó pa fídíò ìgbéyàwó mẹ́wàá rẹ́ lánàá tó ń wò ó pé kí ló dé tí àyè ò tíì yọ, kó lọ da Trash nù.

Àyè kan tún kù tí kò sí ẹni tó máa ń rántí: àyè inú fóònù fúnra rẹ̀. Kí WhatsApp tó gbé nǹkan kan lọ sókè, ó máa kọ́kọ́ di ẹrù náà nílẹ̀. Ó ń ṣe ẹ̀dà kan sínú fóònù, lẹ́yìn náà ló tó ń gbé e lọ. Bí fóònù yín bá ti kún débi pé kámẹ́rà ń kígbe, kò sí ibi tó máa ti di ẹrù. Dúrọ́ọ̀mù wà lókè, àmọ́ korobá tí wọ́n máa fi pọn ọ́n ò sí.

Ti iPhone le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dákun ẹ fetí sí èyí. WhatsApp sọ fún àwọn tó ń lo iCloud pé àyè tó gbọ́dọ̀ ṣófo níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 2.05 ìwọ̀n backup wọn, kí àyè tó tó sì wà nínú iPhone pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ WhatsApp yín bá jẹ́ 2 GB, 4.1 GB ni ẹ nílò. Bó bá jẹ́ 3 GB, 6.15 GB. Ẹ wá rántí pé 5 GB péré ni Apple ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni pé, kódà bí iCloud yín bá ṣófo bí ilé tuntun, bí WhatsApp yín bá ti lé díẹ̀ ní 2.4 GB, kò lè lọ. Ẹni náà á wo fóònù rẹ̀: 5 GB ṣófo, nǹkan tí mo fẹ́ gbé jẹ́ 3 GB, kí wá ni ìṣòro? Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà lójú tiwa. Ìṣirò WhatsApp ló yàtọ̀.

Kí ló máa ń sọ WhatsApp di 3 GB ná? Ọ̀rọ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ fún ọdún márùn-ún lè má tó fídíò mẹ́ta tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí group aṣọ ẹbí. Níbi Chat backup yẹn, ẹ máa rí Include videos. Ẹ pa á. Kí ẹ tó pa á, ẹ wò ó bóyá fídíò kan wà tó ṣe pàtàkì, kẹ́ ẹ gbé e lọ síbòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, Storage and data, Manage storage. Ó máa to gbogbo group lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n ṣe wúwo sí. Ẹ óò rí group kan tí ẹ ò tíì ṣí láti ọdún tó kọjá tó jókòó sókè pátápátá bí ọba. Mo ti rí i lọ́wọ́ ẹnì kan tí group àdúràáàárọ̀ nìkan ń jẹ 4 GB lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó dáa, ká ní páìpù mọ́, dúrọ́ọ̀mù tọ̀nà, síbẹ̀ kò lọ. Ẹni tó kàn láti fura sí ni ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú fóònù yín. Ọ̀pọ̀ fóònù Android tí à ń lò nílẹ̀ yìí ló ń gbé áàpù kan wá láti ilé iṣẹ́, tó ń ṣèlérí pé òun á jẹ́ kí bátìrì pẹ́, pé òun á fọ fóònù mọ́. Bó ṣe ń ṣe é ni pé ó ń pa áàpù tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Backup rèé, abẹ́lẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ pa ojú fóònù, ẹ̀ṣọ́ dé, ó rí ẹni tó ń gbé ẹrù lókùnkùn, ó lé e. Ẹ wọ Settings, Apps, ẹ wá WhatsApp, ẹ tẹ Battery, kẹ́ ẹ yan Unrestricted. Ẹ ṣe bákan náà fún Google Photos àti Google Play services. Fóònù kan sí òmíràn ni orúkọ wọ̀nyí fi ń yàtọ̀ díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ bátìrì lẹ máa wá. Bí Battery Saver bá wà ní títàn, ẹ pa á kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn àwọn áàpù afọ-fóònù yẹn rárá, tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ èrò ọkàn mi. Wọ́n ń gba bátìrì ìṣẹ́jú díẹ̀ fún yín, wọ́n sì ń gba nǹkan ńlá lọ́wọ́ yín.

Àwọn kéékèèké tó kù, ẹ jẹ́ ká yára kà wọ́n. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ password Google tàbí Apple yín, fóònù lè ti já kúrò níbẹ̀, kó máa dúró kẹ́ ẹ tún wọlé. Bí ọjọ́ àti aago fóònù ò bá tọ̀nà, kò ní í lè bá kọ̀ǹpútà ọ̀hún sọ̀rọ̀ dáadáa. VPN máa ń dí i nígbà mìíràn, ẹ pa á ná. Ẹ gba update tuntun áàpù náà àti ti Google Play services. Lórí iPhone, kí iCloud Drive wà ní títàn, kí WhatsApp náà sì wà ní títàn nínú rẹ̀. Bí iPhone bá ń sọ pé backup tó kẹ́yìn ò parí, tí ẹ sì ti gbìyànjú gbogbo èyí, àwọn kan máa ń pa backup àtijọ́ rẹ́ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ kó fótò yín sórí kọ̀ǹpútà ná, torí ìṣẹ́jú tí ẹ bá pa á rẹ́ sí ìgbà tí tuntun bá parí, ẹ ò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí mo rí i pé ó ń da ọ̀pọ̀ yín láàmú, àwọn tó ń gbà pé backup àwọn lọ, tí kò sì lọ. Backup Android tó ní "gbogbo fóònù" kì í ṣe gbogbo fóònù. 25 MB ló ń gbà lọ́wọ́ áàpù kọ̀ọ̀kan. Áàpù tí ẹ ń kọ ìwé ọjà yín sí lè má bọ́ sínú rẹ̀ tán. Google Photos náà, fótò kámẹ́rà ló kọ́kọ́ máa ń gbé. Àwọn tó wọlé láti WhatsApp wà nínú fódà mìíràn, ẹ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara yín yàn án níbi Back up device folders. Fótò aṣọ tí oníbàárà fi ránṣẹ́ sí aránṣọ, inú fódà yẹn ló wà. iCloud Photos sì tún yàtọ̀: dígí ni, kì í ṣe àpótí. Fótò tí ẹ bá pa rẹ́ nínú fóònù, á pa rẹ́ nínú iCloud pẹ̀lú, ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa fi wà nínú Recently Deleted.

Backup ń gbó, ẹ má gbàgbé. Bí ẹ ò bá lo fóònù Android kan fún ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, Google lè pa backup rẹ̀ rẹ́. Ti iCloud, ọgọ́sàn-án ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á tàbí tí ẹ ò lò ó mọ́. Àkáǹtì Google tí ẹnikẹ́ni ò bá wọ̀ fún ọdún méjì, wọ́n lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bà jẹ́ tó ní òun ń kówó jọ, kó mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ.

Àwọn kan máa bi mí pé báwo ni ti aránṣọ yẹn ṣe wá já sí. Ẹ̀dà tó wà nínú fóònù ti bá olè lọ, ìyẹn ò ṣeé ṣe nǹkan sí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ WhatsApp kì í sí lọ́wọ́ ẹnì kan. Ohun tó bá wọ group ìdílé, ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó kù tí wọn ò bá pa á rẹ́. Ó bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohùn bàbá wọn mẹ́rin jáde látọwọ́ ẹ̀gbọ́n tó wà ní Abẹ́òkúta. Àwọn tí bàbá fi ránṣẹ́ sí òun nìkan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà nínú fóònù bàbá, tí ìyá wọn ṣì gbé sínú dúrọ́ọ̀. Ó ti so ó mọ́ ṣájà. Fún àwọn oníbàárà, mo ní kó kọ lẹ́tà kan sí wọn: kí wọ́n ṣí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, kí wọ́n tẹ Export chat, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ padà. Púpọ̀ nínú wọn ṣe é. Àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ni kò tíì ráyè.

Ó ku ìkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lálẹ́ òní, kì í sì í ṣe backup. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni WhatsApp ti fún wa láyè láti fi kọ́kọ́rọ́ ti backup, èyí tí wọ́n ń pè ní end-to-end encrypted backup. Nǹkan tó dáa ni. Àmọ́ bí ẹ bá tan án, yálà ẹ lo password tàbí kọ́kọ́rọ́ oní lẹ́tà àti nọ́ńbà 64, bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn tí fóònù ti sọnù, WhatsApp fúnra rẹ̀ ò lè ṣí i fún yín. Backup á lọ déédéé lóròòru, àyè á wà, ẹ ò sì ní í lè wọlé. Ẹ lọ wò ó bóyá ti yín wà ní títàn. Bó bá wà ní títàn, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ náà sínú ìwé gidi, kẹ́ ẹ fi í síbi tí ẹ ń fi ìwé ẹ̀rí yín sí. Kì í ṣe sínú fóònù kan náà o.

Ohùn mi rèé, títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàárọ̀ o.